Ọkọ̀ Tiwọn Ni Wọ́n Wá Wò

Ọkọ̀ mẹ́rin ló tò sẹ́bàá ọjà Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ní òwúrọ̀ Sátidé tí a ṣe eré wa kẹ́yìn. Peugeot 504 mẹ́ta, àti báṣé 404 kan, ọkọ̀ ẹrù tí a fi tapólì bò lẹ́yìn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ọ̀tún pupa, tí ti òsì funfun, nítorí pé ara òkú ọkọ̀ mìíràn la ti tú u. Mo ka àwọn òǹwòran. Kò pẹ́ mi rárá. Ọmọdé mọ́kànlá, ọlọ́kadà akérò tí à ń pè ní oní-zémíjàn mẹ́fà, tí wọn ì bá má dúró ká ní wọ́n rí èrò gbé, ìyá alákàrà kan tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ojú ọjà rẹ̀ látilẹ̀, àti ajá kan tó sùn sábẹ́ báṣé, tí a ní láti lé kúrò kí a tó ṣáná sí ọkọ̀.

Ní 1996 tí a kọ́kọ́ ṣe é, ọkọ̀ mọ́kàndínlógún ló jáde. Èrò kún ẹ̀gbẹ́ títì láti ọjà títí dé ibi tí ilé tán. Àwọn ọmọ iléèwé gun igi máńgòrò bí ẹni tó ń retí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Onílù méjì wá fúnra wọn, a ò bẹ̀ wọ́n, owó tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà ju owó epo wa lọ.

Ẹ má rò pé eré àsápajúdé là ń sá. Àgbàlagbà ni wá, ọkọ̀ wa náà sì ti dàgbà. Bó ṣe rí nìyí: kí o tó gbéra, wàá sọ fún tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, tó di aago mú, pé ìṣẹ́jú báyìí ni wàá fi dé Ilárá létí ààlà Nàìjíríà, tí wàá sì fi padà dé Kétu. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá súnmọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ jù lọ ló borí. Ẹni tó tètè dé jù ti fìdí rẹmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pẹ́. Nígbà tí owó ń bẹ, àgbò ni ẹ̀bùn. Ní báyìí, àkùkọ ni.

A kò lórúkọ, a kò ní sítánbù. Dẹ́rẹ́bà àtijọ́ àti mẹkáníìkì ni gbogbo wa, ará ìlú ló ń pè wá ní àwọn oní-Píjò. Ọ̀rẹ́ mi kan, tó wa ọkọ̀ Pobẹ̀ sí Àjàṣẹ́ títí ojú rẹ̀ fi dá a dúró, sọ lẹ́yìn eré ọjọ́ náà pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò ka ohun àtijọ́ sí. Gbogbo ẹni tó jókòó ló mi orí. Èmi kò mi tèmi. Mo ti rí i rí tí èrò fi eré ọkọ̀ sílẹ̀, níbi tó tóbi ju Kétu lọ, lọ́dún tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń bú yìí kò tíì délé ayé.

Ní 1973 ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ sí Àbíjàn. Àwa Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìyá wa ń tajà ní Treichville àti Adjamé, àwọn ọkùnrin ń ṣe káràkátà, àwọn mìíràn wà nídìí súpánà bíi tèmi. Gáràjì tí mo ti kọ́ṣẹ́ kò ní òrùlé tó kárí, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi, ará Ṣakété, mọ Peugeot bí babaláwo ṣe mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọkọ̀ á ṣì wà ní ìkóríta, kò tíì yọjú, yóò ti ní: "Ẹ wá ààyè sílẹ̀, fáàfù rẹ̀ kan ti jóná." Kì í ṣì í.

Eré ọkọ̀ Bandama wà nígbà náà. Ní 1969 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ odò ńlá tó la Côte d'Ivoire já ni wọ́n sì fún un. Kì í ṣe eré tí wọ́n ń sá yípo pápá. Ẹgbẹ̀rún kìlómítà lórí ẹgbẹ̀rún ni, lórí ilẹ̀ pupa, nínú igbó, lọ́sàn-án, lóru, láàárín abúlé tí àgùtàn sùn sójú títì. Ní 1972, ó le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Kò sẹ́ni kìn-ín-ní, kò sẹ́ni ìkẹyìn. Ọdún kejì ni mo dé, ìtàn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún mi ní gáràjì kí wọ́n tó fi ibi tí súpánà wà hàn mí.

Ní 1974, Timo Mäkinen ará Finland fi Peugeot 504 gba Bandama. Ní 1975, Bernard Consten ará Faransé fi 504 gbà á. Ní 1976, Mäkinen padà wá, 504 náà ló tún gùn, ó sì tún gbà á. Ní ìhà ìlà oòrùn Áfíríkà, Ove Andersson ti fi 504 borí nínú Safari ti Kẹ́ńyà ní 1975, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, ti gba Safari lẹ́ẹ̀mẹ́rin ṣáájú: 1963, 1966, 1967, 1968. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà méjì wà tí ọkọ̀ méje péré rí òpin ìrìn náà, 1963 àti 1968. Nígbà méjèèjì, 404 ló ṣáájú àwọn méje.

Ẹ wá wò ó o. Ọkọ̀ tó ń gba ẹ̀yẹ yìí gan-an ni takisí. 504 ló ń gbé ìyá oníṣu lọ sí Bouaké, òun ló ń gbé òkú lọ sílé, òun ló ń gbé ìyàwó. Ní alẹ́ kan ní 1976, mo dúró pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ ẹgbẹ́ mi níbi tí ọ̀nà ti yà wọ inú oko kòkó kan. Èrò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ọkọ̀ méjì ti kọjá, wọ́n ti fi eruku bò wá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ìyá kan tó pọn ọmọ gbé orí sókè. Iná ọkọ̀ kò tíì hàn. Ó ní, "Tiwa ń bọ̀." Ó sì tó ìṣẹ́jú kan kí 504 náà tó yọ láàárín kòkó, tó yíbìrì, tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ariwo tí ìyá yẹn pa, ẹ ó rò pé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wà á. Kò mọ Mäkinen. Ohùn ẹ́ńjìnì ló mọ̀, nítorí pé òun ló ń gbé e lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti rú jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ara bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò tí písítìn ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ sí. Bí ihò náà bá fẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ agbẹ́rin, ìyẹn sì wà ní ìlú ńlá nìkan. Ti Peugeot kò rí bẹ́ẹ̀. Agolo irin ni, tí omi yí ká, tí a ń tì bọ inú bulọ́ọ̀kù. Àwa tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní ṣẹmíìsì, ẹ̀wù. Bó bá gbó, wàá fi igi gbá a jáde bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọdé, wàá ti tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìn rẹ̀. Mo ti ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Ṣábẹ, lábẹ́ igi òrí, pẹ̀lú fìtílà elépo, tí èrò mẹ́sàn-án sùn sórí ẹrù wọn. Obìnrin kan nínú wọn ló bá mi di fìtílà mú títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo ní kí dẹ́rẹ́bà gbìyànjú rẹ̀, tó sì gbá, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Sípíríǹgì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn 504 ẹlẹ́yìn gígùn tó ń kó èrò, méjì lápá kọ̀ọ̀kan. Ó lè ru ohun tí kò yẹ kó rù, ó sì ń rù ú lójoojúmọ́. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá bá ọkọ̀ àwọn òyìnbó sáré, tó sì lù wọ́n, ta ni kò ní jáde nílé?

Ní 1978, Bandama wọ inú ìdíje gbogbo àgbáyé. Ìdùnnú pọ̀. Jean-Pierre Nicolas ti gba Safari fún Peugeot lọ́dún náà, ó sì tún gba tiwa. Ọkọ̀ tó gùn ń jẹ́ 504, àmọ́ kùpé onílẹ̀kùn méjì ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà. Kò sí takisí kankan tó ní irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e dúró ní Àbíjàn, a lọ wò ó. Ọ̀gá mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní, "Bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìyá wọn yàtọ̀." A rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé òun ló ti rí gbogbo ohun tó ń bọ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Mercedes kó 450 SLC wá, wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní dé ìkẹrin. Hannu Mikkola ló ṣáájú. Ní 1980, Björn Waldegård fi 500 SLC borí. Èrò ṣì jáde, n kò ní parọ́. Ta ni kì í wo Mercedes? Ìwòran náà ló yàtọ̀. Bí ènìyàn ṣe ń wo mínísítà tó ń kọjá ni wọ́n ń wò ó: wọ́n á yà fún un, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé tiwa ń bọ̀.

Ní 1982, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó tó sinimá. Eré ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà. Michèle Mouton, obìnrin ará Faransé, wà nínú Audi, ó ń du ipò aṣíwájú gbogbo àgbáyé mọ́ Walter Röhrl ará Jámánì. Bí eré ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kú. Ó wọ ọkọ̀ tòun tọ̀fọ̀, ó sì ṣáájú gbogbo wọn fún ìgbà pípẹ́, kí ọkọ̀ tó dá a dúró, tí Röhrl fi gba eré náà àti ipò aṣíwájú. Ìtàn ńlá gbáà ni. Ní gáràjì wa, nígbà tí rédíò ń sọ ọ́, ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ ń jiyàn lé lórí ni iye tí wọn yóò ta gíábọ́ọ̀sì Audi kan. Àánú obìnrin náà ṣe wá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀, ó ń dín. Jíjìnnà Àbíjàn sí Yúróòpù ń ná àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lówó gọbọi, wọ́n sì ń yan ibi tí wọn yóò lọ. Owó kòkó já wálẹ̀, ìjọba ń fún àpò rẹ̀ pọ̀. Ní 1989, ọdún tí Alain Oreille fi Renault 5 borí, mo padà lọ sí ìyànà oko kòkó yẹn, torí mo ti pinnu láti padà sílé, mo sì fẹ́ fi ojú dágbére. A ò ju méjìlá lọ. Mẹ́rin nínú wa ń dúró de takisí. Ní 1992, Kenjiro Shinozuka ará Jàpáánù fi Mitsubishi gbà á fún ọdún kejì léra, ìgbà yẹn ni Bandama sì jáde kúrò nínú ìdíje gbogbo àgbáyé. Ní 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Eré náà kò kú. Ó wà nínú ìdíje ti ilẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Àbíjàn tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún léèrè ẹni tó gbà á kẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kò fi wọ̀ mí létí. Ní 1989, kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kọ̀ tí wọn kò wá kì í ṣe ọmọ ìsinsìnyí. Ìyá tó gbọ́ ohùn 504 nínú òkùnkùn wà lára wọn, bó bá ṣì wà láyé.

Mo dé Kétu ní 1990. Ọ̀nà Pobẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà nígbà náà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ará ọkọ̀ á dé pẹ̀lú irun pupa bí ẹni tó fi osùn para. 404 báṣé ló ń kó gààrí, ewúrẹ́ àti àwọn tó ni wọ́n pọ̀ sójú kan. 504 ló ń gbé àwọn tó ní owó díẹ̀ sí i. Faransé ti dẹ́kun ṣíṣe 504 elérò láti 1983, àmọ́ àwọn ará Kàdúná tí wọ́n ti ń to 504 láti 1975 kò jẹ́ ká mọ̀. Ogún ọdún ó lé ni wọ́n tún fi tò ó lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń ti Ladípọ̀ ní Èkó wá, ó ń gba Ìmẹ̀kọ kọjá sọ́dọ̀ wa. Mo ní oníbàárà ju ọwọ́ mi lọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ eré wa, a kò ronú pé nǹkan àtijọ́ là ń fi hàn.

Ohun tó gba ọkọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Toyota ń ti èbúté Kùtọnù wá, ó ń lo epo díẹ̀, gbogbo ọmọṣẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020, ọkọ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ wa dúró gbọin nítorí kílọ́ọ̀ṣì lásán. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì dìde títí dòní, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti epo. Gbogbo wa là ń mu kpayo, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, epo Nàìjíríà inú ìgò tó wà lẹ́bàá títì. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, kpayo fò sókè lójú wa láàárín ọjọ́ díẹ̀. 504 kì í mu epo bí ọmọdé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣeré lọ sí Ilárá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Ìyẹn jẹ́ ti ọkọ̀. Ti èrò ìwòran ni mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ sí i. Ní ọdún kan tí mo rí i pé èrò ń já, mo ní kí a wá nǹkan tí yóò fà wọ́n. Ọlọ́jà ńlá kan ṣèlérí owó àti fìlà, mo sì bẹ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé Kùtọnù pé kó gbé jíìpù rẹ̀ tuntun wá síwájú wa. A háyà ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Èrò dé! Wọ́n dúró ti jíìpù náà, wọ́n ń ya fọ́tò lára rẹ̀, orin ń ké débi pé a ò gbọ́ tíṣà tó ń pe àkókò. Nígbà tí a ṣáná sí ọkọ̀ wa, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. A lọ sí Ilárá, a padà, ọjà ti tú, jíìpù ti lọ, fìlà ti tán. Ọlọ́jà náà kò san owó tó ṣèlérí. Èmi ni mo san owó ẹ̀rọ. Títí di òní, ìyàwó mi kì í pe eré náà lórúkọ mìíràn ju "eré fìlà" lọ.

Ọmọ àbúrò mi kan wà ní Faransé, ó máa ń fi fídíò eré ọkọ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi. Le Mans Classic, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kó èrò tó lé ní 200,000 jọ ní 2023. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ rí i pé àwọn ènìyàn ṣì fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́." Mo wo ojú àwọn òǹwòran inú fídíò náà ju ọkọ̀ lọ. Bàbá àgbà kan ń fi ìka han ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ wuyẹwuyẹ. Kò dìgbà tí mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Irú ọkọ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ ní, tàbí aládùúgbò wọn, tàbí ẹni tí kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án nígbà èwe. Ní Kẹ́ńyà náà, wọ́n ti ń ṣe Safari fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ láti 2003; Waldegård tí mo rí ní Àbíjàn gbà á ní 2007 àti ní 2011, ó ti dàgbà nígbà náà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Porsche ló pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń sáré níbẹ̀, àwọn tó wà á sì fi ọkọ̀ òkun kó o wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ Kẹ́ńyà tó dúró nínú eruku, tí bàbá rẹ̀ rọ́kàn lé 404 ní 1968, kí ni yóò pè ní tiwa nínú wọn?

Àwa ará Kétu kò yẹ ká máa wá òye yìí lọ sókèèrè. Wọ́n ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, Kétu sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ní 2001, UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Kí UNESCO tó dé, èrò kì í wọ́n níbẹ̀; lẹ́yìn tó lọ, kò wọ́n. Ẹ wo orí àwọn igi tí wọ́n gbẹ́: mo ti rí ọ̀kadà níbẹ̀, mo rí ọkọ̀ òfurufú, mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ. Agbẹ́gilére kò dúró lórí ẹṣin àti ejò tí baba rẹ̀ gbẹ́. Ohun tó wà lójú ọ̀nà ìlú lónìí ló ń gbé gun orí. Ẹni tó bá wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á rí aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀, á rí ìyá rẹ̀, á rí gbèsè rẹ̀, bí kò bá ṣọ́ra.

Mo ní mo ka èrò ọjọ́ yẹn, mo sì ní ìyá alákàrà kan. Ẹnì kan wà tí n kò kà. Bí a ṣe ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ìyá arúgbó kan dìde láàárín àwọn oníṣu, ó fi ọ̀pá rìn wá, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn pupa báṣé náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ káàárọ̀, ẹ rọra, ó ń gbóná o." Kò dá mi lóhùn kíákíá. Ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ mi, irú èyí ló gbé mi láti Pobẹ̀ wá sílé ọkọ. Èmi, ẹrù mi, ewúrẹ́ méjì. Ọ̀kan nínú ewúrẹ́ náà jẹ gèlè mi." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bọ́ńpà. Kò wo 504 kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo nu tèmi títí ó fi ń kọ mọ̀nà. A kò lè gbéra títí ó fi dìde. Tíṣà ní kí a yọ àkókò náà kúrò nínú ìṣirò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọṣẹ́ mi, tó ti gba òmìnira láti ọdún kẹta ṣùgbọ́n tó ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́, wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọwọ́. Ó ra Toyota Carina E kan, ti 1994, ó sì ti tún un ṣe tán. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gbé e tẹ̀lé yín lọ́dún tó ń bọ̀?" Mo ní eré ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá, 504 yín, ti ọdún wo ni?" Mo ní ti 1979 ni. "Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ eré ní 1996?" Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó mú aṣọ ìnuwọ́ fún mi.

Mo ṣírò rẹ̀ lórí ibùsùn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ mi ní lọ́jọ́ tí èrò gun igi máńgòrò nítorí rẹ̀. Carina ọmọ yìí ti lé ní ọgbọ̀n. Carina ló gbé àwọn oní-zémíjàn mẹ́fà yẹn lọ sí iléèwé, òun ló gbé ìyá wọn lọ bímọ. Mo ronú kan ọ̀gá mi ará Ṣakété, bó ṣe yí kùpé yẹn ká lẹ́ẹ̀mejì ní Àbíjàn. Oorun kò tètè kùn mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní kó gbé e jáde ká dán an wò dé Ilárá. Mo bèèrè iye ìṣẹ́jú tí yóò lò, ó sọ ọ́, mo kọ ọ́ sí ọwọ́ mi. Èmi wà níwájú nínú 504, òun wà lẹ́yìn. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọn fèrè títí a ó fi kọjá ọ̀ọ́kán Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ní ìkóríta tí a ti ń yà, oní-zémíjàn kan jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń bá aláta kan ná ata. Mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ariwo 504 mi. Kò yíjú. Mo wo inú gíláàsì. Carina ṣì wà lẹ́yìn ògiri ìyànà, kò tíì hàn, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin náà gbé orí sókè kúrò lórí ata.

"Carina," ló wí fún aláta. "Ẹksọ́ọ̀sì rẹ̀ ti lu."